Ohun Tó Ká Kò Sùn

Ohun tó ká kò sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń tú u. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa òwe yìí, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà? Ní ìlú Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, níbi tó ti ṣẹ̀ gan-an, bí ẹ bá bi ẹni mẹ́wàá, ẹ ó gba ìdáhùn mẹ́wàá. Ẹnìkan á ní ejò tó ká sábẹ́ ewé ni. Ẹlòmíràn á ní igbà tí akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ ni. Wọ́n gbìyànjú. Kì í ṣe ejò, kì í ṣe igbà. Ẹsẹ̀ mọ́tò ni òwe náà ti jáde, kò sì tíì pẹ́ tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láàyè, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa.

Ọkùnrin kan wà ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ tó ń jẹ́ Oyèdìran. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, Tíṣà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Alágbẹ̀dẹ ló bí i, ṣùgbọ́n ìwé ló gbà á lọ́wọ́ ẹwìrì. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Àkànmú, ni irin kò jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì ni, oríta ìlú ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ké láti oríta yìí, wọ́n á gbọ́ ọ nílé Oyèdìran. Síbẹ̀, ọdún méje gbáko ni Àkànmú kò fi jókòó nínú ilé náà bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà níbẹ̀.

Wọn kò jà o. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, Àkànmú á dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n," á gbọn iyẹ̀pẹ̀ àyà rẹ̀ nù, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó fà á kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí baba wọn kú, Kàdúná ni Àkànmú ti ń ṣiṣẹ́. Ó ránṣẹ́ pé òun ti gbéra, pé òun yóò dé ní Sátidé. Ọjọ́ Ẹtì ni Oyèdìran sin baba. Nígbà tí Àkànmú sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú eruku Òkè Ọya lára aṣọ, sìmẹ́ǹtì ti gbẹ lórí sàréè. Òun nìkan ni ọmọ tí kò bu iyẹ̀pẹ̀ sí baba rẹ̀. Kò pariwo. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan sìmẹ́ǹtì náà, ó dìde, ó jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un, ó sì dákẹ́ láti ọjọ́ náà lọ.

Oyèdìran gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní, "Àkànmú kì í bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sùn."

Ìyá wọn ni gbogbo ilé ń pè ní Yèyé. Yèyé yọ̀ ṣubú létí kànga lọ́dún kan, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn dókítà fi irin so ó, wọ́n sì fún un ní igi ìtilẹ̀ méjì tí yóò máa fi rìn. Dókítà eegun kì í wá sí ọsibítù ńlá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Ó dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan fún Yèyé pé òun fẹ́ wo irin náà bóyá ó ti jókòó dáadáa, kí òun tó lè gba igi ìtilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ yẹn bá bọ́, ó di oṣù mẹ́fà. Láàárín oṣù mẹ́fà, arúgbó lè gbàgbé ìrìn.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ọ̀nà. Máìlì mẹ́rìnlá ni, kòtò rẹ̀ sì pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Ọkọ̀ Oyèdìran, tó ti ń gbó lọ, kò ní ẹsẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí mo wí yìí, ohun méjì ló pa pọ̀ jẹ́ ẹ. Irin nínípọn kan tó ká bí ejò, tí wọ́n ń pè ní sípíríǹgì, ló ń gbé ọkọ̀ ró. Ṣọ́kì, ọ̀pá irin tí epo kún inú rẹ̀, ló wà láàárín sípíríǹgì náà tó ń bá a wí kó má baà máa jó. Ṣọ́kì iwájú méjèèjì ló ti kú nínú ọkọ̀ Oyèdìran. Nígbà tí wọ́n lo ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn, gbogbo kòtò ló ju Yèyé sókè. Kò sunkún, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa fi délé, ó ti fi eyín gé ètè rẹ̀ lu.

"Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́," ni Yèyé wí. "Arọ ò lè gbé arọ. Ẹ tún ẹsẹ̀ tirẹ̀ ṣe kó tó gbé èmi."

"Mo ti ra ṣọ́kì tuntun, Yèyé. Màá pe mẹkáníìkì."

"Èwo lo fẹ́ pè nínú wọn? Ṣé inú mi yìí kọ́ ni mẹkáníìkì ti jáde ni? Àkànmú ni yóò tú u, nínú ọgbà yìí, lójú mi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí dókítà máa wo ẹlòmíràn."

Oyèdìran mọ ìyá rẹ̀. Bó bá sọ pé òun kò lọ, ààfin kò lè gbé e. Ó ránṣẹ́ sí oríta. Àkànmú fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn: "Ó dára." Wọ́n fi í sí àárọ̀ Sátidé, nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta kù kí dókítà dé.

Nígbà tí Sátidé mọ́, ara Oyèdìran kò balẹ̀. Ó ń tì í lójú pé kí àbúrò òun wá bá òun ní ìdúró lásán bí ẹni tó wá wòran. Ó ṣáà ti tú rédíò rí, ó ti tún aago ògiri ilé-ẹ̀kọ́ ṣe rí. Kí ló wà nínú irin? Ó fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó ki ìtì igi sábẹ́ rẹ̀ kó má baà já lulẹ̀, ó sì yọ táyà ọ̀tún. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló di orí ẹsẹ̀ náà mú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bóòtì méjì ló di ìdí rẹ̀. Ó da kẹrosíìnì sí wọn, ó là wọ́n lóòlù díẹ̀, wọ́n sì gbà. Kò pẹ́, ó fa ẹsẹ̀ náà yọ lódindi, tòun ti sípíríǹgì tó yí i ká, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì bí ọdẹ ṣe ń gbé ìgalà kalẹ̀.

Nọ́ọ̀tì kan ló kù, èyí tó wà ní àtàrí. Bí òun bá tú ìyẹn, ṣọ́kì ògbólógbòó á jáde, òun á ki tuntun bọ̀ ọ́, ó parí. Oyèdìran rò ó bí tíṣà ṣe ń ro ìṣirò: nígbà tí nǹkan yìí wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹrù wà lórí rẹ̀, ara rẹ̀ le, ní báyìí tí ẹrù ti kúrò, ó ń sinmi ni. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a mọ́lẹ̀, ó tẹ orí lé e kó lè ríran dáadáa, ó sì fi sípánà sí i. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Irin náà ké kín-ín bí ọmọ eku.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má tú u! Ẹ gbé orí kúrò!"

Àkànmú ló dé ẹnu ọgbà. Ó ju àpò irinṣẹ́ sílẹ̀, ó sáré, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn ẹ̀wù títí tó fi jókòó pàà sórí ilẹ̀. Láti ọdún méje, ìgbà kìíní nìyí tí ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ló dé?" Oyèdìran ń gbọn ìdí. "Mo ti yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀ mọ́. Ó ti sùn."

"Ta ló sùn?" Àkànmú rọra dá nọ́ọ̀tì náà padà títí tó fi le, òógùn ti bò ó. "Kò sùn, Ẹ̀gbọ́n, ó ká ni. Ohun tó ká kò sùn. Nọ́ọ̀tì kékeré yìí nìkan ló dì í mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí i tí ẹ bá yí i, iwájú orí yín ni sípíríǹgì yìí á fò lù. Ọ̀gá kan tú u báyìí níṣojú wa ní Kàdúná. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, omi ẹ̀kọ ló ń mu. Àgbọ̀n rẹ̀ kò padà sípò."

Láti orí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Yèyé pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ẹni tó kọ́ gbogbo ọmọ ìlú! Tíṣà, ṣé èyí ò sí nínú ìwé ni?"

Àkànmú kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú ohun èlò méjì jáde nínú àpò, ọ̀pá gígùn méjì tí ìkọ́ wà lórí àti ní ìdí wọn, tí ìkọ́ náà ń sún mọ́ra bí a bá fi sípánà yí wọn. Ó fi ìkọ́ wọn há sípíríǹgì náà lára, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì tún fi okùn líle so gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni so àgbò ìjà.

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ yí tiyín lẹ́ẹ̀kan, n ó yí tèmi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sáré ṣíwájú mi. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá yá ju ìkejì, ìkọ́ á fò, gbogbo wa la sì máa gbọ́ nípa rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Oyèdìran á yí, Àkànmú á yí, sípíríǹgì ń fún wọnú ara rẹ̀ bí ẹni tó mí sínú. Nígbà tó fún tán ni Àkànmú tó tú nọ́ọ̀tì àtàrí, nọ́ọ̀tì náà sì jáde pẹ̀lẹ́ láìbínú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ki ṣọ́kì tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n di orí rẹ̀. Wọ́n wá ń tú ọ̀pá ìkọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe dì wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan lọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan lósì. Oyèdìran fẹ́ yára.

"Díẹ̀díẹ̀," ni Àkànmú wí. "Díẹ̀díẹ̀ ni à ń tú u."

Inú Oyèdìran dùn kọjá ààlà. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu àbúrò rẹ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pọ̀ ju ti ọdún méje lọ. Ó rò pé àsìkò ti tó. Bí Àkànmú ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ láti de bóòtì ẹsẹ̀ ọ̀tún padà, Oyèdìran wọlé, ó fọ ọwọ́, ó dé fìlà, ó sì ránṣẹ́ sí Baba Láwoyin tí í ṣe olórí ẹbí, àti àgbà méjì mìíràn nínú agbo-ilé. Nígbà tí Àkànmú máa fi nàró, àwọn bàbá mẹ́ta ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàwo tobì.

"Àkànmú, ọmọ dáadáa," ni Baba Láwoyin bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló pè wá. Ó ní ọ̀rọ̀ ìsìnkú baba yín, kó tán lónìí pátápátá. Dọ̀bálẹ̀, wí pé ó tán, ká gbàdúrà, ká pa obì."

Àkànmú dúró pẹ̀lú gíríìsì ní ọwọ́ méjèèjì. Ó wo obì náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti fìlà rẹ̀.

"Kí ló tán?" Ohùn rẹ̀ kò kọ́kọ́ ròkè. "Ẹ̀yin bàbá mi, mo forí balẹ̀ fún yín. Ta ló bi mí léèrè kó tó tán? Ọdún méje! Ta ló jókòó tì mí rí kó ní, Àkànmú, báwo ló ṣe rí lára rẹ? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ dúró dè mí. Ọjọ́ kan! Wọ́n ń sin ajá olówó, wọ́n ń dúró de ọmọ ẹ̀! Ẹ wá gbé obì wá lónìí kí n fi gbé e mì!"

Bó ṣe yípadà, ìgbúnwọ́ rẹ̀ gbá àwo, obì sì ń yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Kò wo ẹ̀yìn. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde. Ọkọ̀ wà lórí ìtì igi níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tuntun kan àti ẹsẹ̀ arọ kan.

"Ọmọ yìí ti ya aláìgbọràn," ni Baba Láwoyin wí.

"Kì í ṣe aláìgbọràn, Bàbá," ni Yèyé dá a lóhùn. "Ẹ má bínú. Ẹ kú ìnira. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sìn yín dé ilé."

Nígbà tí àwọn àgbà lọ tán, Oyèdìran ṣí fìlà, ó jókòó sórí táyà tí wọ́n yọ. "Yèyé, ṣé ẹ rí i? Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀."

"Mo rí i. Kí ni àbúrò rẹ sọ fún ọ láàárọ̀, nígbà tí o fẹ́ fi orí ara rẹ ṣòfò?"

"Ó ní ohun tó ká kò sùn."

"Ó tún wí nǹkan kan."

"Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni à ń tú u."

"O ṣe é fún irin," ni Yèyé wí, ó sì na ọwọ́ sí igi ìtilẹ̀ rẹ̀ láti wọlé. "Àbúrò rẹ lo wá fi àgbà mẹ́ta tú lẹ́ẹ̀kan náà."

Oyèdìran gbàdúrà lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kò sì bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀rọ̀ náà parí. Sùúrù ló tọrọ. Nígbà tí wọ́n jáde nílé ìjọsìn, ó gba oríta lọ, òun nìkan, láìdé fìlà. Ó bá Àkànmú níbi tó ti ń fọ aṣọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Mi ò wá parí nǹkan kan," ó wí. "Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ. Mo mọ̀ pé o ń bọ̀, mo sì sin Bàbá. Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe àlùfáà."

Ó dìde. Àkànmú ń fún aṣọ, kò gbójú sókè. Oyèdìran rìn padà sílé láìmọ̀ bóyá Yèyé yóò rí dókítà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìrì ò tíì gbẹ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tó gbọ́ ohùn jáàkì nínú ọgbà. Àkànmú ti yọ táyà òsì. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì ju kíkí àárọ̀ lọ. Wọ́n fa ẹsẹ̀ náà yọ, wọ́n so ó lókùn, wọ́n fún un, wọ́n ki ṣọ́kì tuntun bọ̀ ọ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú ọ̀pá ìkọ́ ni Àkànmú tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára irin.

"Kí ni Bàbá wí gbẹ̀yìn?"

Ọwọ́ Oyèdìran dúró. Láti ọdún méje, òun náà ní ohun tó ká sínú.

"Oríkì rẹ ló ń kì," ó wí. "Kò pe èmi. Ìwọ ló ń kì.

Àkànmú, ọmọ a-mú-iná-lẹ́mú,
ọmọ ẹwìrì ké, ojú iná là,
ọmọ owú tí ń sọ̀rọ̀ kí àkùkọ tó jí.

Ó kì ọ́ títí ohùn fi tán lẹ́nu rẹ̀."

Àkànmú yí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ yí tiyín."

Oyèdìran yí i. Sípíríǹgì náà sún díẹ̀.

"Ó kù," ni Oyèdìran wí. "Ó ní kí n dúró dè ọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Ẹ má sin mí kí Àkànmú tó dé.' Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Yèyé kò mọ̀."

Iṣan ọrùn Àkànmú yọ gàgàrà. Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, Oyèdìran sì wò ó, kò sá.

"Kí ló dé tí ẹ ò dúró?"

"Ìwé ìsìnkú ti jáde. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tẹ̀ sí i. Ojú tì mí láti yí ohun tí a ti tẹ̀ padà."

"Ìwé."

"Ìwé ni, Àkànmú."

Omi bọ́ lójú Àkànmú sórí irin. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, gíríìsì sì fa ìlà dúdú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò wí pé ó tán, kò sì dìde lọ. Ó fi sípánà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dúró.

"Ẹ yí tiyín, Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Ẹ rọra."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Oyèdìran wa ọkọ̀, Àkànmú jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú Yèyé. Ọkọ̀ náà wọ kòtò, ó jáde, kò jó. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìdajì ọ̀nà, arúgbó ti sùn sí èjìká ọmọ rẹ̀. Dókítà wo irin ìbàdí, ó gba igi ìtilẹ̀ kan, ó ní kí ó máa mú ìkejì lọ ná. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ náà kò yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di oṣù kẹta kí Àkànmú tó jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tó sì jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Yèyé ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ di òwe, ó ń pa á fún ẹni tó bá wá kí i, àwọn yẹn sì gbé e dé ọjà, dé oko. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà kan wí pé ohun tó ká kò sùn, ẹni tí a ṣẹ̀ tó dákẹ́ ló ń bá wa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, pé kí a má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ pe àlàáfíà. Bó bá sì fi kún un pé díẹ̀díẹ̀ ni à ń tú u, ẹni tó ṣẹ̀ ló ń kìlọ̀ fún, ẹni tó fẹ́ fi ìjókòó kan àti obì kan parí ìbànújẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ. Àwọn àgbà Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ kì í pa á níbi ìjà tó ń gbóná lọ́wọ́. Ilé tó pa rọ́rọ́ ni wọ́n ti ń pa á.